Bí Iṣẹ́ Pánẹ́ẹ̀lì-Bítà Ṣe Dàgbà ní Ìlọrin

Iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni láti dá ara mọ́tò tó forí sọ igi tàbí tó kọlu ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, àti láti gé ibi tí irin ti dógùn-ún kúrò kí irin tó dá ṣáká lè rọ́pò rẹ̀. Mẹkáníìkì ló ni ẹ́ńjìnnì, réwáyà ló ni iná, fọgánáísà ló ni táyà. Gbogbo ohun tí ojú ń rí lára ọkọ̀, pẹ̀lú egungun tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, ti pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni. Ní Ìlọrin, ọmọdé ni iṣẹ́ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ òkè híhun, ìkòkò mímọ ní Dada àti Òkèlele, tàbí agbẹ̀dẹ. Síbẹ̀ ilé àgbà ló ti jáde: agbẹ̀dẹ fún un ní òòlù, káfíńtà fún un ní ojú ìwọ̀n, ọgbà iṣẹ́ ìjọba Òyìnbó sì fún un ní gáàsì ìjórin. Láti ìran kan dé òmíràn, iye tí wọ́n ń ta mọ́tò tuntun ti yí iṣẹ́ náà padà ju bí irin fúnra rẹ̀ ṣe yí padà lọ.

Reluwé ló kọ́kọ́ kó irin ìlú Òyìnbó wọ Ìlọrin lọ́pọ̀ yanturu. Ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó wọ Ìlọrin ní 1908, ó sì kan Odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Mọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tí wọ́n là ní 1906 ni wọ́n kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní Èkó, W. A. Dawodu ń ta ọkọ̀, ó sì ń tún un ṣe. Ní Ìbàdàn, Sàlámì Agbájé wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ tó kọ́kọ́ fi lọ́rì ṣòwò. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ìlọrin wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ibi tí ìlú náà jókòó sí kò jẹ́ kí mọ́tò fò ó. Ẹni tó bá ti gúúsù gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Jẹ́bà àti Kàdúná ní láti la Ìlọrin kọjá, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà ti yà sí Ọ̀mù-Àrán àti Kábbà. Ibi tí ọ̀nà bá ti pàdé ni ọkọ̀ ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹni tí yóò tún un ṣe ń tẹ̀dó sí.

Títí di ẹ̀yìn òmìnira, lọ́rì ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà, igi ló sì pọ̀ jù lára lọ́rì. Ṣáásì, ẹ́ńjìnnì àti imú ọkọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Bedford àti Austin sábà máa ń fi ránṣẹ́. Káfíńtà ilẹ̀ wa ló ń fi pákó kan ìyókù, títí kan àga tí èrò bọ́lẹ́kájà ń jókòó lé. Bí irú lọ́rì bẹ́ẹ̀ bá forí gbárí, wọn a yọ pákó tó ṣẹ́, wọn a kan òmíràn. Ìpáàrà kò rí nǹkan jẹ níbẹ̀ àfi bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà, nítorí irin ṣáásì nípọn débi pé ọdún gbọọrọ ni yóò gbà á kó tó jẹ ẹ́ tán. Ohun tó ń gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni sípíríǹgì tó dá tàbí bóòtù tó tẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ti ní ẹwìrì, ẹ̀mú àti ọmọ owú. Ó mọ àwọ̀ tí irin ń ní nínú iná kó tó ṣeé lù. Ohun tó kù fún un ni iná tó lè dúró lójú kan ṣoṣo lára irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìjẹ́ pé ó jó gbogbo rẹ̀.

Òkè òkun ni iná yẹn ti wá. Ní 1903, Edmond Fouché àti Charles Picard ní ilẹ̀ Faransé ṣe ẹnu iná tó ń po gáàsì asetilíìnì mọ́ ọ́síjìn. Ooru rẹ̀ ju dígírì 3,000 lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 1,500 ni irin ń yọ́. Asetilíìnì kò ṣòro láti ṣe: wọn a jẹ́ kí omi kan kábáídì, kílò kan kábáídì sì lè mú gáàsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 300 jáde. Ìdí nìyí tí ọgbà pánẹ́ẹ̀lì-bítà fi máa ń ní àgbá irin tí wọ́n ń da kábáídì sí, pẹ̀lú sìlíńdà ọ́síjìn kan àti rọ́bà méjì tó gùn lọ sí ẹnu iná. Àgbá yìí kì í ṣe ohun ìṣeré. Gáàsì tó bá kóra jọ sínú rẹ̀ lè bú gbàmù tí iná bá sá padà gba inú rọ́bà wọlé. Ọgbà iṣẹ́ PWD, ìyẹn ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba Òyìnbó, àti ti reluwé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ ti kọ́kọ́ di ẹnu iná yìí mú. Ìjọba ń dán ọwọ́ wọn wò ní ìpele mẹ́ta, láti kíláàsì kẹta dé kíláàsì kìíní, ẹni tó bá sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba a na àtíbàbà tirẹ̀.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ ló sọ iṣẹ́ náà di odindi iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Budd ti ń tẹ ara irin fún Dodge láti 1914; ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó wọ́pọ̀. Mandilas ń kó Volkswagen wọlé, SCOA ń kó Peugeot. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 27 oṣù karùn-ún 1967, Ìlọrin di olú ìlú, òṣìṣẹ́ ìjọba sì pọ̀ níbẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Owó epo rọ̀bì dé, ìgbìmọ̀ Jerome Udoji dábàá owó oṣù tuntun ní 1974, àjẹmọ́nú rẹ̀ sì tẹ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Àfi bí ẹni pé wọ́n jọ sọ ọ́: ní oṣù kẹta ọdún 1975 kan náà, ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀, ti Volkswagen ní Èkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Beetle, èyí tí à ń pè ní Ìjàpá. Ìlọrin wà lójú ọ̀nà tó so ìlú méjèèjì pọ̀. Ìjàpá tí sítíárìn rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún lónìí ti dàgbà ju èyí tí wọ́n tò ní Èkó lọ, nítorí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún.

Ìjàpá àti 504 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìran pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó kọ́ṣẹ́ nígbà náà, ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì kọ́ lára wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Orí ilẹ̀ irin pẹrẹsẹ kan ni wọ́n de ara Ìjàpá mọ́ pẹ̀lú bóòtù. Bóòtù náà ni wọ́n fi de fẹ́ńdà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá run, wọn a tú u, wọn a de òmíràn. Ibi tó ń yọ ọ̀gá lẹ́nu ni ọ̀nà atẹ́gùn gbígbóná tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹni tó ń gbé Ìlọrin kò fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fẹ́ ooru sí òun lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì tó ṣe ọkọ̀ náà fi ọ̀nà atẹ́gùn yẹn ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn fún un. Bó bá jẹrà, ilẹ̀kùn kò ní padé dáadáa mọ́. Bátìrì Ìjàpá tún wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, omi ásíìdì tó bá sì dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀ a jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ títí tí ọ̀dà ojú títì yóò fi hàn nísàlẹ̀.

504, tí Peugeot gbé jáde ní 1968, kò ní ṣáásì ọ̀tọ̀ rárá bó bá jẹ́ sàlúùnù. Wọ́n jó ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àti òrùlé rẹ̀ pọ̀ di àpótí kan ni, àpótí yẹn ló sì ń ru ẹrù. Ọkọ̀ náà fi ara rẹ̀ hàn ní akọni nínú eré ìje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ó gbégbá orókè níbẹ̀ ní 1975 àti 1978. Ṣùgbọ́n akọni náà ń jẹrà. Igun búùtù, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ìtẹ̀sí táyà àti òpó tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn ni ìpáàrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òpó náà ṣófo nínú. Ilé-iṣẹ́ dá ihò kéékèèké sí i nísàlẹ̀ kí omi lè sá jáde. Ilẹ̀ pupa ojú ọ̀nà a wá di ihò wọ̀nyí pa, omi a dúró sínú, irin a máa jẹrà láti inú wá síta nígbà tí ọ̀dà òde ṣì ń dán. Nígbà tí ọ̀dà bá fi máa wú bíi róró, kò sí irin kankan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ojú ọjọ́ Ìlọrin kò burú tó ti Èkó fún irin. Òjò ibẹ̀ ń lọ sí bíi mílímítà 1,200 lọ́dún, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, kò sì sí atẹ́gùn iyọ̀ òkun. Irin kì í tètè dógùn-ún àfi bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ju bí ìdá 60 nínú 100 lọ, ọyẹ́ sì máa ń fà á wá sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà ọkọ̀ tó gbé Ìlọrin láti kékeré sábà máa ń le lábẹ́ ju èyí tí wọ́n rà láti Èkó lọ, ẹni tó bá sì mọ ọkọ̀ rà á máa béèrè ibi tó ti gbé kó tó béèrè iye kìlómítà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Fún ìpáàrà, ọ̀gá a kọ́kọ́ fi òòlù kékeré kan ara ọkọ̀ káàkiri, a máa tẹ́tí sí i: irin tó dá a dún gooro, èyí tó ti jẹrà a dún bọ̀bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ gé e kọjá ibi tí ojú ti rí ìpáàrà dé, títí tí yóò fi kan irin funfun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná yóò kàn máa jó irin náà lu ni. Ó gé ègé tuntun, ó tẹ̀ ẹ́ bá ìrísí ara ọkọ̀, ó fi iná mú un ní ojú kan níhìn-ín, ojú kan lọ́hùn-ún, kí ooru má bàa ká a kò, lẹ́yìn náà ló tó jó o yíká. Ọ̀pọ̀ ń lo ọ̀pá idẹ pẹ̀lú bóráàsì dípò ọ̀pá irin, torí idẹ ń yọ́ níbi tí ooru kò tíì pọ̀ tó láti ba irin fẹ́lẹ́ jẹ́. Ó dára fún fẹ́ńdà. Fún òpó tó ń ru ọkọ̀, ìjórin gidi ló yẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpáàrà, àti ọ̀dà dúdú tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lábẹ́.

Fún ibi tó tẹ̀, wọn a gbé dólì, ìyẹn gbọ̀ǹgbọ̀n irin tí ọwọ́ lè mú, sẹ́yìn irin, wọn a máa fi òòlù lù ú níwájú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a máa lù ú gan-an níbi tó wọ inú, irin a sì fẹ̀ sí i. Ọ̀gá a máa bẹ̀rẹ̀ láti etí ìtẹ̀, níbi tó ti le jù, yóò máa tú u díẹ̀díẹ̀ wọ àárín. Bí irin bá ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, tó ń tàkìtì wọlé-jáde bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, wọn a fi iná mú ojú kan tí kò ju owó kọ́bọ̀ lọ pọ́n, wọn a lù ú jẹ́ẹ́, wọn a sì fi àkísà omi tútù tẹ̀ ẹ́ lójijì. Irin a súnkì. Iṣẹ́ ọwọ́ tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, kò sì sí ẹ̀rọ tó rọ́pò rẹ̀ pátápátá níbikíbi láyé. Bí gbogbo imú ọkọ̀ bá ti wọ́, ó di ọ̀rọ̀ ṣéènì àti jáàkì: wọn a so ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ ohun tí kò lè mì, igi ńlá nígbà mìíràn, wọn a sì fa iwájú. Okùn ni òṣùwọ̀n. Wọn a wọ̀n ọ́n láti igun ọ̀tún iwájú dé igun òsì ẹ̀yìn, wọn a wọ̀n ìkejì. Bí méjèèjì bá ṣe déédéé, ọkọ̀ ti tọ́.

Níbo ni irin fún ègé wọ̀nyí ti ń wá? Àjàòkúta wà nínú Ìpínlẹ̀ Kwara títí wọ́n fi dá Kogí sílẹ̀ ní 1991, ilé-iṣẹ́ irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ níbẹ̀ sì mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé irin yóò pọ̀ bí ilẹ̀. Iná ìléru ńlá ibẹ̀ kò yọ́ irin rí. Kódà bó bá yọ́ ọ, ọ̀pá irin ilé kíkọ́ àti wáyà ni ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ wà fún. Irin pẹrẹsẹ tí mọ́tò nílò wà nínú ìpele kejì tí kò wáyé. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà Ìlọrin gé irin tirẹ̀ lára ọkọ̀ tó ti kú, lára irin pẹrẹsẹ tí wọ́n kó wọlé, àti lára dúrọ́ọ̀mù epo tó fi díẹ̀ nípọn ju ara mọ́tò lọ.

Oṣù kẹsàn-án 1986, nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, ló ya ìtàn yìí sí méjì. Dọ́là kan tí kò tó náírà kan ní 1985 di bíi náírà mẹ́rin ní 1987, 504 tuntun sì fò kọjá orí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó ní ọkọ̀ dì í mú. Ọkọ̀ tí wọn ìbá ti tà fi ra tuntun padà wá sí ọgbà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n lè gé abẹ́ rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjàǹbá ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ di ti ìpáàrà. Tòkunbọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti Yúróòpù, púpọ̀ nínú rẹ̀ gba Kútọnu. Àwọn ọkọ̀ yìí gbé àìsàn tiwọn wá: iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà níbẹ̀ ní ìgbà òtútù kí yìnyín lè yọ́ ti ń jẹ abẹ́ wọn kó tó wọkọ̀ ojú omi. Ti Audi 100 sàn díẹ̀, torí láti 1985 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń fi síǹkì bo gbogbo irin ara rẹ̀.

Ìgbà yìí náà ni bọ́dì-fílà jọba. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ṣe é ní àwọn ọdún 1950, dípò òjé yíyọ́ tí wọ́n ń fi dí ìtẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mílímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀ lórí irin mímọ́ kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi bo ihò ìpáàrà, ẹ̀tù inú rẹ̀ a máa fa omi, a sì máa gbé e fún irin. Ọkọ̀ tó dán gbinrin lọ́jọ́ tó jáde a wú láàárín òjò kan sí èkejì. Ó rọrùn láti pe èyí ní jìbìtì. Lóòótọ́ jìbìtì wà níbẹ̀, ní pàtàkì lára ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó sọ pé ìdajì owó ni òun ní ti yan iṣẹ́ tó fẹ́, ọ̀gá tó sì mọ ìjórin dáadáa ni ó sábà máa ń lo fílà yẹn.

Ọ̀dà ni tirẹ̀ rọrùn láti sọ. Ọ̀dà sẹ́lúlóòsì tí DuPont gbé jáde ní 1923 ń gbẹ kíákíá, ìdí nìyẹn tó fi bá abẹ́ àtíbàbà mu. Ọyẹ́ a kó eruku bá a. Nígbà òjò, ọ̀rinrin a wọ inú rẹ̀ kó tó gbẹ, ojú rẹ̀ a sì funfun bí ìkùukùu. Ọ̀dà ọtọbéèsì tó dé lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ yàrá tí eruku kò wọ̀ àti ooru. Èéfín rẹ̀ sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò bo imú.

Ẹnu ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ gbogbo èyí. Archibald Callaway, tó kọ̀wé ní 1964 lẹ́yìn ìwádìí rẹ̀ ní Ìbàdàn, ka ètò ọmọ iṣẹ́ sí ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Sara Berry, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1985, rí owó oko kòkó lẹ́yìn àwọn mẹkáníìkì Ifẹ̀. Ìlọrin wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, kò ní kòkó bẹ́ẹ̀. Owó oṣù ìjọba, owó ọjà àti ti àwọn awakọ̀ èrò ló ń bọ́ ọgbà iṣẹ́ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ mìíràn wà ní ti ẹ̀sìn. Ní Oǹdó, ajá ni wọ́n ń pa fún Ògún, àwọn tó ń fi irin jẹun kì í sì í gbẹ́yìn. Ní Ìlọrin, áfáà ló ń ṣe àdúà níbi fírídọ́ọ̀mù, ìyẹn ayẹyẹ ìgbòmìnira ọmọ iṣẹ́ tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìnṣọ́ránsì kò ran ọgbà iṣẹ́ lọ́wọ́ púpọ̀. Òfin 1945 tó sọ ti ẹni kẹta di dandan dá lórí ikú àti ìpalára ènìyàn. Òfin 2003 ló fi dúkìá kún un, tó fi mọ́ mílíọ̀nù kan náírà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni kúrò ní ₦5,000 di ₦15,000, ohun tó lè san fún dúkìá sì di mílíọ̀nù mẹ́ta. Síbẹ̀ àpò ẹni tó ni ọkọ̀ ni owó pánẹ́ẹ̀lì-bítà sábà ń ti wá, ìdúnàádúrà sì ni ìwé ìdíyelé.

Kwara fúnra rẹ̀ bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà ní Bàrùtẹ́n, nítorí náà nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí mọ́tò má gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ọ̀rọ̀ náà kan ìpínlẹ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1986 tún ṣẹlẹ̀: Camry àti Corolla tó ti lé ní ogún ọdún ni 504 ìsinsìnyí, wọn kò sì kú tán lójú olówó wọn. Ní òpópónà Tàíwò ní Ìlọrin, níbi tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò pọ̀ sí, ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òkè òkun ló ń rọ́pò òòlù. Bọ́ǹpà ti di rọ́bà.

Irin náà ti yí padà lábẹ́. Láti 1959 ni Mercedes ti ń ṣe ọkọ̀ tí imú rẹ̀ yóò ká kò kí èrò inú rẹ̀ má bàa fara pa, ọgbọ́n tí Béla Barényi gbé kalẹ̀. Ibi tó ti ká lẹ́ẹ̀kan kò ní ká bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n bá kàn nà án. Òpó ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní jẹ́ irin tí wọ́n fi bórọ́ọ̀nù lé, tí wọ́n tẹ̀ nígbà tó pọ́n, tí wọ́n sì mú tutù lójijì. Bí iná gáàsì bá kàn án, agbára yẹn lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ máa ń ní kí wọ́n pààrọ̀ irú òpó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ oníná mànàmáná jó o. Ẹ̀rọ náà kò ṣe nǹkan kan nígbà tí iná bá lọ tí kò sí jẹnẹrétọ̀ tó lágbára. Omi nìkan ni kábáídì ń béèrè, ó sì ṣì ń jó ní ọ̀pọ̀ ọgbà.